Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn Máṣíìnì Bàbá Jósẹ́ẹ̀fù

Bàbá àgbà mi, Bàbá Jósẹ́ẹ̀fù, nìkan lẹ́ni tó gun alùpùpù láti Addo gba orí ọ̀sà kọjá dé Ìkòròdú, tó sọ̀ kalẹ̀ ní òdìkejì, tó fọwọ́ pa táyà wò, tí eruku Ajah ṣì wà lára ẹ̀. Ẹja méjì ló fò sí i lẹ́yìn lójú ọ̀nà. Ọ̀kan ní kó já òun sí àárín omi, nítorí ibẹ̀ lòun ń lọ. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́ kó lọ bi ẹja kejì. Ó ṣeni láàánú pé a ti sè é.

A sin Bàbá lóṣù tó kọjá, wọ́n sì ní èmi ni kí n kọ ìrántí yìí nítorí pé èmi ni mo dàgbà jù nínú àwọn ọmọ-ọmọ. Mo dàgbà lóòótọ́: ẹni àádọ́rin ọdún ni mí. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni Bàbá. Ẹ má wulẹ̀ máa fi ìka ṣírò. Ìyàwó kékeré bàbá-ńlá wa ló bí i gbẹ̀yìn, nígbà tí bàbá tó bí mi ti ń dá lọ sóko. Àbúrò bàbá àgbà, bàbá àgbà náà ni; bí ilé wa ṣe ń kà á nìyẹn, Bàbá Jósẹ́ẹ̀fù ò sì fi ẹyọ ìdọ̀bálẹ̀ kan jì mí rí. Lọ́dún tí mo pé ọgọ́ta, tí orúnkún ń dùn mí, mo na ọwọ́ sí i kí a bọ ara wa lọ́wọ́ bí ọkùnrin méjì. Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni ń wo ẹran tó ti ń rùn.

"Àkànní," ó ní, "ilẹ̀ ò tíì jìnnà sí ẹ."

Mo dọ̀bálẹ̀.

Bíríkìlà ni Bàbá. Láti apá Ọ̀ṣun ló ti wá sí Ajah nígbà tí ibi tí wọ́n ń pè ní ẹ̀sítéètì lónìí ṣì jẹ́ ilé akàn. Òun ló kọ́ èmi náà níṣẹ́. Tépù ò kúrò lápò ẹ̀, kódà lápò sùtánà tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò ní gbà pé nǹkan gùn tàbí pé ó kúrú títí á fi wọ̀n ọ́n. Lọ́jọ́ tí mo mú ìyàwó mi wá fi hàn án, tí gbogbo ilé dijú tí wọ́n ń ṣàdúrà, Bàbá fa tépù yọ, ó wọn ọmọ ọlọ́mọ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó wá jáde lọ wọn ẹnu ọ̀nà yàrá mi. A ò tíì ṣe àmín tán tó fi dé.

"Ó fi ínṣì kan ga ju ilẹ̀kùn ẹ lọ. Gbé ilẹ̀kùn sókè kó o tó gbé e wọlé."

Ó kọ́lé fún àwọn ńlá ńlá ní Igbó Ẹfọ̀n. Ọ̀kan wà nínú wọn tó ní kí Bàbá kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mẹ́sàn-án sínú ilé kan, òun, ìyàwó ẹ̀ àti ọmọ kan ṣoṣo ló sì fẹ́ gbé ibẹ̀. Bàbá fi pẹ̀lẹ́tù bi í bóyá inú ń yọ wọ́n lẹ́nu ni. Ọ̀gá yìí ló ra máṣíìnì náà, alùpùpù tí mo sọ yẹn. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tẹ̀ síwájú gùn bí ẹni ń lé olè. Èèyàn á fẹ̀yìn tì, á na ẹsẹ̀ síwájú, á gbọ́wọ́ sókè, bí ẹni tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀ tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ̀hún wá ń lọ. Ọ̀gá àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ á wọ aṣọ awọ dúdú nínú oòrùn Lekki, wọ́n á gùn ún lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta áísìkirímù, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á padà sílé. Mọ́tò kan á máa tẹ̀ lé wọn tó gbé omi tútù. Nígbà tí Ọ̀gá fẹ́ kó lọ sí Kánádà, ó fa kọ́kọ́rọ́ lé Bàbá lọ́wọ́: "Bàbá, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀, mò ń bọ̀ báyìí." Kò tíì dé. Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà, ọjọ́ kejì ló sì ti gùn ún dé Ṣàngótẹ̀dó. Nígbà tí a ní ó ti ju agbára ẹ̀ lọ, ó dáhùn pé:

"Wọ́n ní kí n tọ́jú ẹ̀. Ohun tí wọn ò bá gùn, á dógùn-ún. Ìtọ́jú ni mò ń ṣe."

Tí ẹ bá fẹ́ kí Bàbá bá yín jà, ẹ pe máṣíìnì yẹn ní ọ̀kadà. Ní iwájú ọjà Ṣàngótẹ̀dó, ìyá kan tó gbé agbọ̀n adìyẹ na ọwọ́ sí i. "Ọ̀kadà! Ajah!" Bàbá dúró. Kò sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù: bí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ṣe tóbi tó, ìlú tí wọ́n ti ṣe é, irú èèyàn tó ń gùn ún. Ìyá náà gbọ́ gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, ó gun ẹ̀yìn, ó gbé adìyẹ lé itan. "Mo ti gbọ́, bàbá. Ó yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ, oòrùn ń pa àwọn adìyẹ mi." Bàbá gbé e dé Ajah. Ìyá ní èló ni.

"Èyí kì í gbowó, ìyá," Bàbá ní. "Àbẹ̀wò lẹ wá ṣe."

Ohun kan ṣoṣo tí Bàbá fẹ́ láyé ní ọdún mẹ́ta tó gbẹ̀yìn náà ni kó máa fi ara ẹ̀ gun máṣíìnì yẹn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kí wọ́n má gbé òun sẹ́yìn mọ́tò bí àpò ìrẹsì. Ara ẹ̀ ló ń bá a dù ú. Bàbá ń kúrú. Ní gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, á fẹ̀yìn ti ògiri pálọ̀, á ní kí n fi pẹ́ńsù fa ìlà sókè orí òun. Nígbà tó yá, ìlà náà ti wá sílẹ̀ ní ínṣì méjì. Mo fi tépù hàn án. Ó wo ìlà, ó wò mí.

"Ògiri yìí ló ń ga. Mo sọ fún wọn pé sìmẹ́ńtì yẹn ti pọ̀ jù."

Láti Mọ́ńdè dé Sátidé, kò sí wàhálà, nítorí bàtà ẹ̀ ní gìgísẹ̀ rọ́bà tó nípọn, tó bá dúró, á kan ilẹ̀. Sọ́ńdè nìkan ni ẹjọ́ wà. Aláṣọ funfun ni wá. Ẹni tó bá ti wọ sùtánà kì í wọ bàtà, kò sí àwáwí níbẹ̀. Bàbá dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kan, ó tẹ bíréèkì, ó na ẹsẹ̀ lásán sílẹ̀, ilẹ̀ ò sí níbi tó fi í sí. Máṣíìnì rọra dùbúlẹ̀ sínú yanrìn, Bàbá dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, gbogbo aṣọ funfun nà sílẹ̀ gbalaja. Kí á tó sáré dé ibẹ̀, ẹnì kan ti ń lu agogo, ẹnì kan ti mú bíírò àti ìwé jáde pé ẹ̀mí ti gbé Bàbá, kí wọ́n lè kọ ìran náà sílẹ̀. Wòólì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fetí sí i. "Bàbá, kí lẹ̀ ń rí?"

"Sílẹ́ńsà gbígbóná ni mò ń rí. Ẹ gbé e kúrò lẹ́sẹ̀ mi."

A bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà. Mo ní kó wọ bàtà lórí sùtánà títí dé ẹnu géètì, kó wá bọ́ ọ níbẹ̀. Ó ní ṣé ẹnu géètì ni Ọlọ́run ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ríran ni. A gé fóòmù ìjókòó. Ẹsẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, àmọ́ gbogbo gálọ́ọ̀pù Addo ló ń bá Bàbá sọ̀rọ̀ ní ìdí, ọjọ́ mẹ́ta ló fi dúró jẹun. Ìgbà yẹn ni Sàká, tó ń lẹ táyà ní ìkòríta wa, wo máṣíìnì náà látòkè délẹ̀, ó sì sọ gbólóhùn tó dá gbogbo ìjà sílẹ̀:

"Bàbá, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ga. Ẹ yọ ọ́, ká fi kékeré sí i."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹsẹ̀ mọ́tò, ẹsẹ̀ máṣíìnì, bí gbogbo wa ṣe ń pe táyà àti ríìmù ẹ̀ nìyẹn. Inú Bàbá dùn débi pé, nígbà tí ọmọ ẹ̀ obìnrin, Mojísọ́lá, pè é láti Ìbàdàn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kò lè pa á mọ́ra. (Àǹtí Mojí ni mò ń pè é. Mo fi ọdún mẹ́tàdínlógún jù ú, àmọ́ ẹ ti mọ bí ilé wa ṣe ń kà á.) Mo jókòó tì í, mo gbọ́ apá tiẹ̀.

"Mojí, wọ́n fẹ́ yọ ẹsẹ̀ fún mi. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Èyí tó wà níbẹ̀ ò dáa mọ́, wọ́n á fi kékeré sí i. Rárá o, kò dùn mí, inú mi ń dùn ni. Sàká ló máa yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, Sàká, tó ń lẹ táyà..." Nétíwọ̀ọ̀kì já.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ dáadáa tí Àǹtí Mojí fi wọlé dé sí Addo, ojú ẹ̀ ti wú, ó fa àga onítáyà tí wọ́n ń ti aláìsàn lé lẹ́yìn. Bàbá dúró lórí tábìlì, ó ń kan kàlẹ́ńdà mọ́ ògiri.

"Bàbá! Ẹsẹ̀ dà?"

"Ẹsẹ̀ wo?"

"Èyí tí wọ́n fẹ́ yọ!"

"Wọn ò tíì yọ ọ́. Ó wà níta."

Àǹtí Mojí figbe ta. Ó gbá ilẹ̀kùn ṣí, kó lè rí ẹsẹ̀ bàbá ẹ̀ níta. Máṣíìnì ló rí. Ojú ẹkún sì di ojú ìbínú, nítorí ó ti tó ọdún méjì tí Bàbá ti sọ fún un pé òun ti gbé máṣíìnì náà fún ẹlòmíì. Ó yíjú sí mi.

"Àkànní, ẹ mọ̀ sí i?"

"Àǹtí, ọmọdé ni mí nínú ọ̀rọ̀ yìí," mo ní.

Ó tún yíjú sí bàbá ẹ̀. Mo ti rí Bàbá níwájú ọlọ́pàá, mo ti rí i níwájú ọmọ onílẹ̀, kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí. "Bàbá, mi ò ní bá yín jà. Sọ́ńdè tó ń bọ̀, ẹ wọ sùtánà yín, ẹsẹ̀ lásán, kí ẹ jókòó sórí ẹ̀ níwájú mi. Tí gìgísẹ̀ yín méjèèjì bá kan ilẹ̀ pátápátá, mi ò tún ní sọ ọ̀rọ̀ máṣíìnì láyé mi. Tí ò bá kàn án, mò ń gbé e lọ lọ́jọ́ náà."

Bàbá sọ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì, ó na tépù sí mi.

"Wọn mí," ó ní. "Ẹsẹ̀ nìkan. Fi orí sílẹ̀, orí ò ṣe nǹkan kan."

Ínṣì kan ló kù kó kàn. Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Bàbá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan lójú títì Lekki sí Èpè níbi tí wọ́n ti ń ta ẹsẹ̀ máṣíìnì fún irú àwọn Ọ̀gá Kánádà. Afẹ́fẹ́ tútù ibẹ̀ lè tọ́jú òkú. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń tà á wọ awò dúdú nínú ilé. "Welcome, Daddy. Ẹ̀yin àti bọ̀ọ̀dá yín?" ó ní. Bàbá ní ọmọ-ọmọ òun ni mí. Ọmọkùnrin náà yọ awò.

Ó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan síta tó ga dé ìdí mi, tín-ín-rín, sípóòkù ẹ̀ ń dán bí abẹ́rẹ́. Ó gbé tẹ̀yìn náà síta, ó sanra bí ìyàwó ọba. "Daddy, tí ẹ bá fi èyí síwájú, tí ẹ fi èyí sẹ́yìn, gbogbo Lekki á mọ̀ pé ẹ ti dé. Òun ló ń jáde nínú fọ́tò."

"Ṣé fọ́tò ni màá gùn lọ sí Addo ni?" Bàbá ní. Àmọ́ kò kúrò níwájú ẹ̀. Mo mọ ọkùnrin yẹn. Ó tẹ̀ síwájú, ó rí ojú ara ẹ̀ nínú ríìmù, ó tún fìlà ṣe. Ọkàn ẹ̀ ti lọ. Ó fa tépù yọ, ó wọ̀n ọ́n látilẹ̀ dé àárín, ó tún un wọ̀n bóyá tépù á yí ọkàn padà. Ohun tó máa gbé e sókè ni. Ó ká tépù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń bo òkú lójú.

"Èyí tó kéré jù ńkọ́?"

Ọmọkùnrin náà wo ẹ̀yìn, ó wo ẹ̀gbẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó wà ní stóòrù, Daddy. Àmọ́... àwọn obìnrin ló máa ń ra ìyẹn."

"Ṣé obìnrin ò ní ilẹ̀ láti tẹ̀ ni?"

Wọ́n gbé e jáde tòun ti eruku. Ínṣì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó fi ínṣì kan kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Bàbá wọ̀n ọ́n: ìdajì ẹ̀ lókè ló ti kúrò, ìdajì ínṣì péré lèyí máa fún un nílẹ̀, ìdajì ṣì kù. Ọmọkùnrin náà gbé táyà pẹrẹsẹ kan wá, tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kúrú bí etí àwo, pé ìyẹn á gbé ìdajì yòókù wálẹ̀, á tún lé díẹ̀. Bàbá fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ táyà. "Ògiri ẹ̀ kúrú jù. Gálọ́ọ̀pù kan ní Addo, ríìmù á fọ́ bí àwo. Mi ò lè kọ́lé sórí ògiri ìka méjì." Wọ́n jà á títí, Bàbá mú ti àárín: ògiri tó kúrú níwọ̀nba, tó gbé ìdajì yòókù wálẹ̀ gẹ́lẹ́. Ohun fáàrí kan ṣoṣo tó bèèrè ni pé kí táyà náà jẹ́ èyí tó ní funfun róbótó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní ẹrẹ̀ Addo á sọ ọ́ di pupa kó tó di Túsìdeè.

"Kí òun náà wọ sùtánà," ó ní. "Ibi kan náà la jọ ń lọ."

Sàká ló de ẹsẹ̀ tuntun náà mọ́ ọn. Ó kìlọ̀ pé nítorí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti kéré, á máa yí léraléra, aago eré á máa purọ́: á ní máṣíìnì ń sáré ju bó ṣe ń sáré lọ. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ẹ̀. Ó nawọ́ sí mi.

"Mo ti ní ọmọ-ọmọ bẹ́ẹ̀. Á wulẹ̀ di méjì."

Sọ́ńdè dé. Gbogbo wa tò sí àgbàlá, aṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán. Bàbá gba ọwọ́ mi mú, ó gun máṣíìnì, ó jókòó, ó rọra na ẹsẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Àǹtí Mojí kúnlẹ̀ nínú yanrìn, ó mú ìwé orin jáde, ó fa ojú ewé kan ya nínú ẹ̀, ó fẹ́ ti bébà náà sábẹ́ gìgísẹ̀ ọ̀tún. Kò wọlé. Ó lọ sí tòsì. Kò wọlé. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó gbójú sókè wo bàbá ẹ̀, ó ní, "Ó kàn án, Bàbá."

Bàbá ta máṣíìnì, ó dún bí ìgbà tí òjò fẹ́ dé. Ó jáde ní géètì, táyà funfun ń yí, sùtánà ń fẹ́ lẹ́yìn ẹ̀, ó gba gbogbo Addo já, àwọn ọlọ́jà ń pàtẹ́wọ́, aago ń purọ́ fún un lójú, ó dúró síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ méjèèjì lé ilẹ̀ gbọingbọin, Wòólì fúnra ẹ̀ ló wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Rárá. Ó tó.

Ó kan ilẹ̀ lóòótọ́. Bébà ò wọlé, mo rí i. Ó ta máṣíìnì, ó dún, ìyẹn náà ṣẹlẹ̀. Bàbá jókòó síbẹ̀ títí tí orin kan lè fi parí, ojú ẹ̀ tutù, ẹsẹ̀ ẹ̀ nínú yanrìn. Ó wá pa á. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó nà án sí ọmọ ẹ̀.

Àǹtí Mojí ò gbà á. "Bàbá, mo ní ó kàn án. Ẹ máa lọ."

"Mo gbọ́. Ọwọ́ òsì mi ò lè fa kílọ́ọ̀ṣì mọ́, ó ti tó oṣù mẹ́rin. Ẹsẹ̀ lo bèèrè, ìwọ Mojí. O ò bèèrè ọwọ́."

Ó fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ sídìí mọ́tò Àǹtí Mojí, ó jókòó sẹ́yìn, ó ní kí wọ́n ṣí fèrèsé. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà tó fi sùn tí kò jí. Kò gun máṣíìnì yẹn jáde mọ́. Ìrìn láti géètì dé ṣọ́ọ̀ṣì, àtẹ́wọ́ àwọn ọlọ́jà, Wòólì tó gba kọ́kọ́rọ́, èmi ni mo dá wọn sílẹ̀. Bàbá ò rìn ín.